Gìtá akọ́sítíìkì kékeré

Gìtá akọ́sítíìkì kékeré jẹ́ irúfẹ́ gìtá onígi tí kò nílò iná mànàmáná kí ohùn rẹ̀ tó jáde, tí wọ́n sì dín ara rẹ̀, okùn rẹ̀ tàbí méjèèjì kù sí ìwọ̀n tó wọ́pọ̀. Àwọn ọmọdé tó ń kọ́ orin, àwọn arìnrìn-àjò àti àwọn tí àyè kò gbà nílé ni wọ́n máa ń lò ó jù. Lára àwọn tó gbajúmọ̀ ni Baby Taylor àti GS Mini ti ilé-iṣẹ́ Taylor, Little Martin ti ilé-iṣẹ́ C. F. Martin, àti JR1 ti ilé-iṣẹ́ Yamaha. Bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń jẹ́ gìtá kékeré, ohun tí wọ́n dín kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ìyàtọ̀ yìí ló sábà máa ń pinnu bóyá ẹni tó rà á yóò máa ta á ni, tàbí yóò fi í kọ́ ara ògiri.

Ìtàn

Kíkéré kì í ṣe ohun tuntun fún gìtá. Ní ọ̀rúndún 19, àwọn gìtá tí wọ́n ń ta ní yàrá àlejò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kéré ju èyí tó wọ́pọ̀ lónìí lọ. Antonio de Torres (1817–1892), agbẹ́gìtá ọmọ ilẹ̀ Spéìn, wà lára àwọn tó mú kí ara gìtá tóbi sí i. Ní Amẹ́ríkà, Christian Frederick Martin, ẹni tí wọ́n bí ní Markneukirchen ní ilẹ̀ Jámánì, dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní ọdún 1833. Ilé-iṣẹ́ yìí ló ṣe gìtá alára ńlá tí a mọ̀ sí dreadnought ní ọdún 1916 fún ilé-iṣẹ́ Oliver Ditson. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, dreadnought di òṣùwọ̀n tí a fi ń wo gìtá yòókù.

Ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn atukọ̀ ẹ̀yà Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé gìtá láti èbúté kan dé òmíràn. Orin ilé ẹlẹ́mu tó gbilẹ̀ ní etíkun yìí wà lára orísun orin jùjú ní Èkó.

Bob Taylor àti Kurt Listug dá ilé-iṣẹ́ Taylor sílẹ̀ ní California ní ọdún 1974. Wọ́n gbé Baby Taylor jáde ní ọdún 1996, GS Mini sì tẹ̀lé e ní ọdún 2010.

Gígùn okùn

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí olùrà wò ni gígùn apá okùn tó ń gbọ̀n, ìyẹn láti eegun tó gbé okùn ró lókè ọrùn gìtá títí dé orí afárá tó wà ní àyà rẹ̀. Lórí dreadnought ti Martin, ó jẹ́ ínṣì 25.4. Ti GS Mini jẹ́ ínṣì 23.5, ti Little Martin jẹ́ ínṣì 23, ti Baby Taylor jẹ́ ínṣì 22.75. Ti JR1 ló kúrú jù láàrin wọn: mìlímítà 540, tó tó nǹkan bí ínṣì 21.25.

Bí okùn kan náà bá kúrú sí i, tí a sì fẹ́ kí ó ṣì mú ìró kan náà wá, a kò ní fà á le tó ti tẹ́lẹ̀. Bí gígùn bá di ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, agbára tí a fi ń fa okùn yóò di ìdá 81 nínú 100. Nítorí náà, lórí Baby Taylor, irú okùn kan náà ń fẹ́ nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 agbára tó ń fẹ́ lórí dreadnought. Lórí JR1, nǹkan bí ìdá 70 ni. Àlàfo àárín irin ọrùn náà ń dínkù. Láti eegun òkè dé irin kìíní jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 36 lórí dreadnought, 32 lórí Baby Taylor, àti 30 lórí JR1.

Èyí ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìka ríro àti ọwọ́ tí kò dé ibi tó yẹ wà lára ohun tó ń mú kí ọmọdé pa gìtá tì kó tó mọ orin kan ta. Àmọ́ okùn tó dẹ̀ ní ewu tirẹ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́ le jù, ìró rẹ̀ máa ń gòkè kọjá bó ṣe yẹ, bí a bá sì tún un dẹ̀ sí i, ó lè máa gbá irin ọrùn. Okùn tó nípọn díẹ̀ máa ń dín ìṣòro yìí kù, ṣùgbọ́n ó ń dá lára líle tí a sá fún padà sábẹ́ ìka.

Ara gìtá àti ohùn rẹ̀

Bí ohùn gúdúgúdú kò ṣe lè jinlẹ̀ tó ti ìyáàlù, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gìtá. Okùn tó ní ìró tó jinlẹ̀ jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Afẹ́fẹ́ inú àpótí kékeré kì í ti irú ìró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn dáadáa. Ìró tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gbè. Ara GS Mini tóbi ju ti Baby Taylor lọ, nítorí náà ohùn rẹ̀ kún ju tirẹ̀ lọ, àmọ́ àyè tó ń gbà náà pọ̀ jù.

Ara kékeré kò sì túmọ̀ sí okùn kúkúrú. Gìtá Martin tó ní ìwọ̀n 00 kéré lára ju dreadnought lọ, síbẹ̀ gígùn okùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínṣì 24.9. Òbí tó bá ra irú rẹ̀ fún ọmọ kékeré nítorí bó ṣe rí lójú kò tíì dín iṣẹ́ ọwọ́ òsì ọmọ náà kù púpọ̀.

Igi àti ojú ọjọ́

Ojú gìtá, níbi tí ihò wà, ló ń sọ gbígbọ̀n okùn di ohùn. Odidi pákó, bíi ti igi spruce tàbí mahogany, máa ń gbọ̀n fàlàlà ju pákó onípele tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń mọ ojú ọjọ́ lára. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gìtá dámọ̀ràn kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàrin ìdá 45 sí 55 nínú 100. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, odidi pákó sì lè sún kì tàbí kí ó là. Little Martin tí wọ́n ń pè ní LXM kò ní odidi pákó lójú. Ìwé tí wọ́n fi oje kẹ́míkà tẹ̀ pọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. LX1 ní tirẹ̀ ní odidi spruce lójú. Èkíní fara da ọyẹ́ jù; ohùn èkejì sì máa ń lárinrin jù.

Ìrìn-àjò

Òfin ọkọ̀ òfurufú tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2012 gba èrò láyè láti gbé ohun èlò orin kékeré wọlé, bí ó bá wọ inú àpótí ẹrù òkè orí ìjókòó láìléwu, tí àyè sì wà nígbà tí èrò náà wọlé. Ìlànà orílẹ̀-èdè mìíràn lè yàtọ̀.

Yíyàn

Fún ọmọ kékeré, gígùn okùn ló yẹ kó ṣáájú. JR1 àti Baby Taylor bá ọwọ́ kékeré mu. Fún àgbàlagbà tó ń wá gìtá kan ṣoṣo tí yóò máa lò nílé àti lóde, ara tó tóbi díẹ̀ bíi ti GS Mini sàn jù. Fún ẹni tó ń gbé gìtá káàkiri nínú oòrùn àti ọyẹ́, LXM ni yóò fún un ní ìdààmú tó kéré jù. Gìtá kékeré kì í sì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan: Little Martin ni Ed Sheeran, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi di ẹni tí a mọ̀ lórí ìtàgé, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè.

Kí a tó sanwó, ó yẹ kí a yẹ ìró gìtá náà wò. Bí a bá fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè irin kejìlá, tí a ta á, tí a sì wá tẹ okùn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà, ìró méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé. Bí èkejì bá ga ju èkíní lọ, okùn tuntun tàbí àtúnṣe afárá lè mú un bọ̀ sípò. Bí kò bá bọ̀ sípò, orin tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ta lókè ọrùn gìtá náà yóò máa yapa, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n ta tó.