Bí a ṣe lè wá ìdílé àgbẹ̀ kan nínú ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà

Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Bantè, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé ogun Dànhọ̀mẹ̀ kó ẹnì kan lọ nínú agbolé wa, tí ẹni náà kò sì padà mọ́. Ṣé ìwé wà tí a lè fi wá a? Ó wà, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi Àbákẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ó tó ọmọ ọdún 2 nígbà tí ọkọ̀ Clotilda gbé òun àti ìyá rẹ̀ láti Ouidah dé Alabama, ní oṣù keje ọdún 1860. Wọ́n sọ ọ́ di Matilda.

Ẹ má wá a nínú ìkànìyàn (recensement) ti 1860. Ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ni ìkànìyàn yẹn dúró lé, ọkọ̀ kò sì tíì dé. Bó tilẹ̀ ti dé, wọn kì í kọ orúkọ ẹrú. Ọjọ́ orí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àwọ̀ ara, ó tán, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Bí ẹni ń ka ewúrẹ́!

1870 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira, tó kọ orúkọ gbogbo wọn, iṣẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n bí wọn sí. Níbi tí ẹ bá ti rí “Africa”, ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa. Orúkọ ìdílé lè tan yín jẹ: Creagh ni olówó wọn ń jẹ́, Matilda sì padà ń jẹ́ McCrear. Ohun tí etí akọ̀wé bá gbọ́ ló ń kọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe orúkọ tiwa náà ní mairie.

Ìwé oko wà lọ́tọ̀. Ti 1880 ló wúlò jù lójú tiwa. Ó sọ iye ilẹ̀, àgbàdo, òwú àti ẹran ọ̀sìn. Ó tún sọ bóyá àgbẹ̀ náà ló ni ilẹ̀, tàbí ó ń san owó lé e, tàbí òun àti onílẹ̀ ló jọ ń pín irè oko. Èyí tó kẹ́yìn yìí, métayage, ni Matilda ṣe. Àmọ́ oko tí kò tó éékà 3, bíi hẹ́kítà kan lé díẹ̀, kì í wọ ibẹ̀ àfi bí irè rẹ̀ bá tó 500 dọ́là. Cudjo Lewis, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ kan náà, bíi éékà 2 péré ló rà ní 1872. Ìwé ilẹ̀ ni a fi ń rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti 1890, iná ti ba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ní 1921.

Hannah Durkin, òpìtàn kan ní Newcastle, ló so ìtàn Matilda pọ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020. Ọmọ-ọmọ Matilda ṣì wà láàyè nígbà náà, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé inú ọkọ̀ yẹn ni ìyá àgbà òun bá dé.