Ọgbà ẹ̀fọ́ ní Abereke: Omi iyọ̀ ló ń jẹ èrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, iṣẹ́ ẹja ni wọ́n mọ̀ jù. Ẹ̀fọ́ tí wọn yóò fi se ẹja náà ló ń gbọ́n owó lápò ìyàwó ilé, nítorí ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọjà wá láti ọ̀nà Igbókòdá. Bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń mu, epo náà sì ti gbówó lórí gidigidi láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023.

Ṣé kí kálukú wá gbin tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé ni? Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n ní kí onílé máa gbin ohun tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ etí òkun.

Iyọ̀ ni ìṣòro ibẹ̀. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú. Bí iyọ̀ bá ti wọ ilẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò ní lè fa omi mọ́. Etí ewé á jó, ẹ̀fọ́ á sì rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló dúró sí. Omi iyọ̀ tó ń wọ inú omi tútù wà lára ohun tí àwọn ará Ìlàjẹ ń bínú sí nígbà tí wọ́n lọ gba pèpéle epo Parabe ti ilé-iṣẹ́ Chevron ní oṣù karùn-ún ọdún 1998.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra irúgbìn, erùpẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Erùpẹ̀ òkè tí ọkọ̀ gbé wá ni owó tó pọ̀ jù nínú òwò yìí. Ẹ kó o sínú àpò, báàfù tó ti fọ́ tàbí ọkọ̀ igi tí kò ṣe é fi pẹja mọ́, kí ẹ gbé e lé orí pákó kí omi òkun má bàa dé ibẹ̀. Ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òjò á mú gbòǹgbò rà. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, àmọ́ kó ti jẹrà dáadáa, kó má sì pọ̀ jù, torí òun náà ní iyọ̀ nínú. Omi òjò ni kí ẹ máa fi bomi rin ín. Ẹ gbe e sínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Tẹ̀tẹ̀ ló ń tètè mówó wọlé, torí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti lè fà á. Ewédú gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Gbúre kò béèrè irúgbìn rárá, igi rẹ̀ lásán ni wọ́n ń gún mọ́lẹ̀, ó sì ń fara da iyọ̀ díẹ̀. Ùgwú ń hù padà bí a bá ti ń gé e. Ìgbín, kòkòrò àti ewúrẹ́ aládùúgbò yóò gba ìpín tiwọn bí kò bá sí ọgbà tó dí.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ẹ̀fọ́ lè sọkún lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí owó erùpẹ̀. Èrè tó dájú ni owó tí kò jáde nílé mọ́. Ẹ fi àpò márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ kò ná lọ́jà sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí iye náà bá ti kọjá owó erùpẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi àpò kún àpò.