Títún Kabúrétọ̀ Alùpùpù Àtijọ́ Ṣe

Kabúrétọ̀ ni ó ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́, epo ìwọ̀n kan sí afẹ́fẹ́ ìwọ̀n bí 15. Lára Honda àtijọ́, sukúrúù méjì ni à ń yí. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ gbóná. Bí ó bá tutù, irọ́ ni yóò pa. Kí a yí ti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi lọ geere, kí a tó fi èkejì dín eré rẹ̀ kù.

Bí orí púlọ́ọ̀gì bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, epo kò tó. Èyí ni ó léwu jù, nítorí bí a bá di ẹrù gun òkè Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, písítìnì lè yọ́. Àwọn kan a máa fi abẹ́rẹ́ fẹ ojú jẹ́ẹ̀tì: ìbàjẹ́ gbáà ni, ihò tí ó ti fẹ̀ kì í dín mọ́.