Ṣé Àjogúnbá Ni Vitiligo?

Lọ́dún tó kọjá, ẹbí àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi wá sílé wa ní Pleasure. Wọ́n rí àmì funfun tó wà lójú àti lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan nínú wọn rọra bi màmá mi pé: “Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ẹ̀tẹ̀ nìyẹn? Àbí ó wà nínú ìdílé yín ni?” Màmá mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀dá-èdè ni mò ń kọ́, n kì í ṣe dókítà, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sùn, ni mo bá ń kàwé kiri.

Ẹ̀tẹ̀ kọ́. Kòkòrò ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Vitiligo kì í ràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló ṣi àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fún ara láwọ̀ mú sí ọ̀tá, tí wọ́n sì ń pa wọ́n.

Ìbéèrè kejì ló le. Jíìnì tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́. NLRP1, tí wọ́n tọ́ka sí ní 2007, jẹ́ ọ̀kan. Àwọn bíi 50 ni wọ́n ti rí báyìí. (Ara àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí náà, bẹ́ẹ̀ ara dúdú ló ti ń hàn jù. Ó dùn mí.)

Ọ̀rọ̀ ìbejì ló là mí lójú. Ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ní jíìnì kan náà. Tó bá jẹ́ jíìnì nìkan ni, tí Táíwò bá ní in, dandan ni kí Kẹ́hìndé ní in. Ìwádìí 2003 kan rí i pé 23 péré nínú 100 ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ti ọmọ ìyá lásán, bíi 6 nínú 100 ni. Ọgbẹ́, oòrùn tó jó ara, àwọn kẹ́míkà kan, náà lè dá a sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “àjogúnbá” ló ń ṣì wá lọ́nà. Ẹni tó jogún ilé ti ní ilé. Ẹni tó jogún jíìnì wọ̀nyí lè má ní vitiligo láéláé.

Màmá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní: “Kí ni kí n wá pè é fún wọn?” Mo ní kó pè é ní vitiligo, bí Ogo Maduewesi ṣe ń pè é, ọmọ Nàìjíríà tí òun náà ní in, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àyájọ́ rẹ̀ ní 25 Okúdù 2011. Màmá gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀la ló fẹ́ lọ bá ìyá àgbà náà.