Gahmar, Abúlé Ọ̀kẹ́ Márùn-ún

Ṣé o mọ̀ pé abúlé kan wà ní Íńdíà tí èrò inú rẹ̀ lè kún ìlú fọ́fọ́? Gahmar lorúkọ rẹ̀. Etí odò Ganges ló wà, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, nítòsí ààlà Bihar.

Èèyàn mélòó? Àwọn ará ibẹ̀ ní àwọn lé ní 100,000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún gbáko! Abúlé ni mo pè é o, n kò pè é ní ìlú.

Dúró ná. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń kọ iye yẹn lọ́hùn-ún? 1,00,000. Wo ibi tí kọ́mà bọ́ sí! Bí àwa ṣe ní ọ̀kẹ́ ni àwọn náà ní lakh. Ọ̀kẹ́ márùn-ún tiwa, lakh kan tiwọn.

Àdúgbò 22 ló wà nínú abúlé kan ṣoṣo yìí. Méjìlélógún!

Wọ́n máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí abúlé tó tó tàwọn ní gbogbo Éṣíà. Àwọn abúlé mìíràn náà ń du oyè yẹn, àmọ́ gbọ́ èyí tó kù ná.

Tí èèyàn bá ti pé 5,000 níbì kan, ìkànìyàn Íńdíà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bóyá ó tó ìlú pè. Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n ń wò: nínú ọkùnrin mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́, ó kéré tán, mẹ́ta kò gbọdọ̀ jẹ́ àgbẹ̀. Gahmar ti fo 5,000 tipẹ́tipẹ́. Abúlé ló ṣì ń jẹ́!

Ọ̀nà wá ńkọ́? Abúlé yìí ní ibùdókọ̀ ojú irin tirẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀ka kékeré kan o! Ojú irin ńlá tó ti Howrah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kolkata, lọ dé Delhi ni. Ó lé ní 1,500 kìlómítà.

Fi tépù wọn àárín irin méjèèjì: 1,676 mìlímítà. Rélùwéè àtijọ́ tiwa tó máa ń gbéra ní Ìddó nígbà kan rí? 1,067. Ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé ni tiwọn fi fẹ̀ ju tiwa lọ!

Ó tún kù. Láti 1979 dé 1982, àwọn ará Íńdíà ló wá bá wa bójú tó rélùwéè Nàìjíríà.

Tí o bá ń lọ sí Gahmar, wọ ọkọ̀ ojú irin ní Buxar, Bihar lo ṣì wà. Láìpẹ́, wàá fo odò Karmanasa, o ti bọ́ sí Uttar Pradesh nìyẹn. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni pé ẹni tí omi odò yẹn bá kàn lára, gbogbo iṣẹ́ rere rẹ̀ ti ṣòfò. Ọkọ̀ ojú irin sì ń gba orí rẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru!

Ghazipur ni olú ìlú àgbègbè wọn, nǹkan bí 40 kìlómítà. Òdìkejì Ganges ló wà! Odò ńlá yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọdá kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì ìjọba.

Ṣé o mọ Gopal Ram Gahmari? Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló máa ń kọ nígbà ayé rẹ̀, ní èdè Hindi. Orúkọ abúlé yìí ló fi ṣe orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn wo ló wá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Gahmar? Ọmọ-ogun! Àwọn tó gba ìsinmi, báàgì lẹ́yìn, tí wọ́n ń lọ kí ìyá wọn. Ní Ogun Àgbáyé Kìíní, ọkùnrin 228 ló ti abúlé yìí lọ sójú ogun. 21 kò padà wálé. Òkúta ìrántí wọn wà níbẹ̀ dòní.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọkùnrin abúlé á ti máa sáré létí Ganges. Ìdánwò iṣẹ́ ológun ni wọ́n ń múra fún: 1,600 mítà. Ẹni tó bá fẹ́ máàkì tó ga jù gbọ́dọ̀ sá a tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀.

Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá lè sá a?