Ibo Ni Ìdọ̀tí Kápẹ́ẹ̀tì Ń Lọ?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ojú kápẹ́ẹ̀tì ń rí, kó yọjú sí gbọ̀ngàn àríyá kan n'Íbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ìnáwó ọjọ́ Sátidé ti parí. Epo ọbẹ̀ ọ̀fadà ti rin ìdí tábìlì, sóbò ti gbẹ mọ́lẹ̀, ṣingọ́ọ̀mù ti le bí òkúta, yanrìn pupa tí bàtà kó wọlé láti ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ìyàwó gbà jó wọlé ti dúdú bí títì ọ̀dà. Etí ògiri nìkan ni kápẹ́ẹ̀tì ti ṣì rántí àwọ̀ tó ní lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Ti ilé ṣì rọrùn: a lè ká rọ́ọ̀gì, ká gbọ̀n ọ́n, ká nà án sórí ọgbà kí oòrùn pa á. Ti gbọ̀ngàn kò ṣe é ká. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ńtì, ibi tó wà náà la ó ti fọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fẹnu kò lórí ọ̀nà tó dára jù. Ẹ̀rọ tí kálukú rà ló máa ń yìn. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ibo ni ìdọ̀tí yẹn wà?

Kí omi tó kàn án rárá, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ń sáré kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe epo, kì í ṣe ọbẹ̀. Eruku gbígbẹ àti yanrìn ni. Yanrìn sì ní eyín. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ló ń rẹ́ òwú kápẹ́ẹ̀tì nídìí. Bí omi bá wá bá a níbẹ̀, ó di ẹrẹ̀. Fákúùmù tó ní búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lábẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀, láìkánjú. Ẹni tó bá fo èyí, ọ̀nà yòówù kó gbà lẹ́yìn náà, ẹrẹ̀ ló ń pò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀nà àtijọ́: ẹ̀rọ tó ń yí po, búrọ́ọ̀ṣì, àti ọṣẹ tó ń hó kùù. Ó dùn ún wò. Ìfófòó funfun bo ilẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbọ̀ngàn kan, oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ibo wá ni ìdọ̀tí wà? Inú ìfófòó náà ni, ìfófòó náà sì gbẹ síbẹ̀. Omo àti Klin tí àwọn mìíràn ń bù sí i ló tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Aṣọ tí a ó fi omi ṣàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe ọṣẹ wọ̀nyẹn fún. Kápẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣàn, ọṣẹ á ṣẹ́kù sí i lára, á máa lẹ̀ tìnrìn, gbogbo eruku Sátidé tó ń bọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Kí oṣù tó pé, ó ti dúdú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Òtẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn bonnet, ìyẹn ìrọ̀rí òwú róbótó tí wọ́n rẹ sínú oògùn, tí wọ́n fún, tí ẹ̀rọ wá ń fi yí lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó yá, ó gbẹ kíá. Àmọ́ òkè òwú nìkan ló ń nù. Ìyókù, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ni. Bí ìrọ̀rí bá ti dúdú tí òṣìṣẹ́ kò sì yí i padà, ìdọ̀tí ló ń kùn kiri.

Èmi kò ka méjèèjì yẹn sí nínú ìjà tó wà nílẹ̀. Àwọn akọni méjì tó kù ni: ìfọ̀ olómi gbígbóná, tí ẹ̀rọ ń fọ́n omi sí i, tó sì ń fà á padà lójú ẹsẹ̀, àti ìfọ̀ olómi díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní encapsulation.

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Herbert Sinner, tó bá iléeṣẹ́ Henkel ṣiṣẹ́, là á sílẹ̀ lọ́dún 1959 pé nǹkan mẹ́rin ní ń bọ́ ìdọ̀tí: oògùn, ooru, fífi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ bó o, àti àkókò. Bí ọ̀kan bá dín, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Alágbàfọ̀ kankan kò nílò ará Jámánì láti sọ èyí fún un. Ẹni tí kò rí omi gbígbóná lò mọ̀ pé òun máa rẹ aṣọ náà pẹ́, òun á sì fi ọwọ́ bó o kíkankíkan. Ṣùgbọ́n ó wúlò fún wa níbí, torí olómi gbígbóná ní ooru, ìkejì kò ní.

Olómi gbígbóná, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní sìtíìmù bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ni, kì í ṣe ooru omi, báyìí ló ń lọ: wọ́n á fọ́n oògùn sílẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì bó o wọnú, ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rọ á wá ti omi gbígbóná wọlé, tó sì ń fa ti ẹlẹ́gbin jáde. Nípa ti epo ọbẹ̀, n kò tíì rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kápẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn tó wọ́pọ̀ lọ́jà, polypropylene ni wọ́n fi ṣe é, òwú yẹn kì í mu omi, ṣùgbọ́n òun àti epo mọwọ́ ara wọn. Ooru àti oògùn ló ń yà wọ́n. Ibo ni ìdọ̀tí sì wà? Inú táǹkì ẹ̀rọ. Wàá fojú rí i, dúdú bí omi àgbo.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ó lè gba wákàtí 6 sí 12 kó tó gbẹ, bí òjò oṣù Keje bá sì ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò rìn, ó lè rékọjá ọjọ́ kejì, òórùn á wá bẹ̀rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá da omi jù, ìdọ̀tí tó sùn sí ìsàlẹ̀ á bá omi gòkè bí epo ṣe ń gun òwú fìtílà, àbàwọ́n tí ẹ rò pé ó ti lọ á tún yọjú láàárọ̀. Iná ńkọ́? Ohun tó ń mú omi gbóná àti mọ́tò tó ń fà á, ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e.

Èkejì, encapsulation, kò ní wàhálà yìí. Oògùn rẹ̀ máa ń yí ìdọ̀tí ká; bó bá gbẹ, láàárín wákàtí kan tàbí méjì, ó di èèpo gígan tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, fákúùmù á sì kó o. Omi kò pọ̀ débi tí àbàwọ́n ìsàlẹ̀ á fi gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè mi: lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ṣì wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, ó wọ ẹ̀wù lásán ni. Gbọ̀ngàn tó jẹ́ ìgbálẹ̀ ọwọ̀ nìkan ló ní, ibẹ̀ ló máa wà. Bí epo bá sì ti nípọn, èèpo kò ní ká a.

Mọ́ṣáláṣí ni mo ti gbà fún un tọkàntọkàn. A kì í wọ bàtà wọlé níbẹ̀, yanrìn dín kù. Òógùn ẹsẹ̀ àti ọ̀rá iwájú orí ló ń dọ̀tí ẹ̀. Àárín Ìṣáì sí Àsùbáà ni àyè tó gùn jù, ta ló fẹ́ forí kanlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì tútù? Tó bá sì jẹ́ òwú irun àgùntàn, ooru àti oògùn líle kò bá a lára mu.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, olómi gbígbóná ni mo máa dìbò fún lákọ̀ọ́kọ́, nígbà ọyẹ́ tó yá láti gbẹ, kí encapsulation máa tọ́jú rẹ̀ láàárín ọdún. Bonnet tí mo bú lẹ́ẹ̀kan, mo gbà pé ó wúlò lẹ́yìn sìtíìmù: ìrọ̀rí gbígbẹ ló ń fa omi àti ìdọ̀tí tó ń gòkè.

Ìyá tó ni gbọ̀ngàn kan kò kọ́kọ́ gbà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sìtíìmù ṣe àárín yẹn nìkan," ni ọ̀dọ́kùnrin tó fẹ́ fọ̀ ọ́ wí.

"Àwọn tó wá kẹ́yìn náà ní àwọn fọ̀ ọ́. Kí ni wọ́n wá fọ̀?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà fọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ó gbé táǹkì síta, ó fẹ́ dà á sí gọ́tà. Ìyá náà di táǹkì mú. Ó ní kó má tíì dà á nù, kí òun pe bàbá wá wò ó ná.