Bí ọ̀gá bá ní kí ọmọ yín tó ń gbálẹ̀ máa gún abẹ́rẹ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn aládàáni la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, torí ó kan ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹ́rẹ́ wa níbí àti káàkiri Èkìtì.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ríṣẹ́. Wọ́n ní kó máa gbálẹ̀, kó máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kó sì máa kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan bá tirẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, èkejì ò wá síṣẹ́. Ọ̀gá bá ní, "Ìwọ náà ti ń wò wá látọjọ́ yìí, lọ gún bàbá yẹn lábẹ́rẹ́." Ọmọ ò lè kọ̀, kíṣẹ́ má bàa bọ́. Bó bá délé, inú ìyá rẹ̀ á máa dùn pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì. Ẹ má bá wọn yọ̀ o. Ewu ni, fún ọmọ náà àti fún ẹni tó ń gún.

Kì í ṣe gbogbo àfikún iṣẹ́ ló burú

Dókítà àti nọ́ọ̀sì ò kárí. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi gbé ìlànà jáde lọ́dún 2008 lórí bí a ṣe lè pín lára iṣẹ́ wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Lábẹ́ ìlànà yìí, òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko tí à ń pè ní CHEW lè máa ṣe àwọn iṣẹ́ kan, bíi kí wọ́n fi ohun ìfètò-sọ́mọ-bíbí sábẹ́ awọ apá obìnrin.

Ṣùgbọ́n ọdún 3 ni CHEW fi ń kọ́ṣẹ́ níléèwé bíi ti Ìjerò-Èkìtì. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ́ iṣẹ́ tuntun náà kí wọ́n tó dáwọ́ lé e, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì máa mójú tó wọn. Wíwò lásán ò sọ agbálẹ̀ di ọ̀kan nínú wọn.

Ohun tí abẹ́rẹ́ lè fà

Iṣan ńlá kan gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà bá fi abẹ́rẹ́ bà á, ọmọ tó ń sáré lánàá lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, kí àwọn òbí rẹ̀ máa wá ẹni tó ṣe é láyé. Ara ẹlòmíràn kì í gba pẹnisílínì. Oògùn mìíràn sì wà, bí wọ́n bá sáré tì í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ọkàn aláìsàn lè dákẹ́. Àìmọ̀ọ́gún, àìmọ̀ọ́tẹ̀, ni iyán ewùrà fi ń lẹ́mọ. Kókó inú iyán ṣeé yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, oògùn tó ti wọ ara kò ṣeé yọ.

Ọmọ yín náà ń kọ́? Bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò bá gún un, ó lè kó àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tàbí kòkòrò HIV. Kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, kó má ṣe fún un. Kó lọ sílé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà, torí oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, yóò sì lò ó fún ọjọ́ 28. Ẹni tó ń gbálẹ̀ nílé ìwòsàn gan-an yẹ kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí lẹ lè ṣe?

Ẹ béèrè ìwé ìgbanisíṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ọ̀gá kọ irú iṣẹ́ tó gbani sí sínú ìwé, kó fún òṣìṣẹ́ kó tó pé oṣù 3. Bí ọmọ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kó jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ kí ọjọ́ 14 tó kọjá, torí òfin ọdún 2010 lórí owó ìtánràn fún òṣìṣẹ́ tó fara pa.

Ẹ kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń kọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò kọ́ ọ, ẹ̀mí ẹni yìí ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n sáré pe nọ́ọ̀sì." Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tí kò la ẹ̀mí lọ ni wọ́n fi kún un, bíi títọ́jú ìwé, kó béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò kọ́ mi, ta ni yóò máa wò mí, ṣé yóò wà nínú ìwé àti nínú owó oṣù mi?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá àgbà, kí wọ́n tó gún yín, ẹ béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé nọ́ọ̀sì ni ẹ́?" Kì í ṣe àrífín. Aṣọ funfun kọ́ ló ń sọni di nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tòótọ́ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tó bá ní in kò ní bínú sí ìbéèrè yín. Ẹni tí kò bá ní in, ẹ ní kó pe ẹni tó ní in wá.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.